Ẹ bi Ẹ̀gbọ́n: Orúkọ tábìlì tí MySQL kò rí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa n'Íbàdàn. MySQL, ètò kọ̀ǹpútà tó ń kó dátà sínú tábìlì, la fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó, ọdọọdún la sì ń ṣí tábìlì tuntun: owo_2019, owo_2020, títí dé ti ọdún yìí. Mo fẹ́ stored procedure (àwọn àṣẹ tí a tọ́jú sínú dátábéèsì lábẹ́ orúkọ kan) kan ṣoṣo tí màá sọ orúkọ tábìlì àti orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ fún, kó bá mi ṣírò iye tí ẹni náà ti dá. Mo kọ SELECT SUM(iye) FROM p_tabili, ó ní "Table 'ajeseku.p_tabili' doesn't exist". Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi CONCAT so gbogbo ẹ̀ pọ̀, kí n fi PREPARE, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àṣẹ, ṣe é. Ó ṣiṣẹ́, àfìgbà tí a tẹ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó wá láti Bẹ̀nẹ̀, N'Dah, ló bá ń pariwo syntax, pé mo kọ àṣẹ náà lódì. Kí ni kí n ṣe? (Akọ̀wé, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú làálàá. Bí o bá rán ọmọdé pé kó lọ sílé Lágbájá, ilé Lágbájá gan-an ni yóò máa wá kiri àdúgbò. Ohun tí MySQL ṣe fún ọ nìyẹn. Lẹ́yìn FROM, orúkọ ló ń retí, èyí tó bá sì bá níbẹ̀ ló ń mú. Kì í yẹ inú rẹ̀ wò bóyá orúkọ mìíràn wà níbẹ̀. Variable (orúkọ tó ń di iye mú, bíi p_tabili rẹ) lè dúró sí ipò iye, bí àpẹẹrẹ lẹ́yìn WHERE oruko =, ṣùgbọ́n kò lè dúró sí ipò orúkọ tábìlì tàbí ti kọ́lọ́ọ̀mù. Nítorí náà ọ̀rẹ́ rẹ kò purọ́, PREPARE ni ọ̀nà. Ibi tó kù sí ni pé ó ní kó o so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Wo ohun tí o ní báyìí:

CONCAT('SELECT SUM(iye) FROM ', p_tabili, ' WHERE oruko = ''', p_oruko, '''')

Fi N'Dah sí i, ohun tí yóò dé ọwọ́ MySQL ni WHERE oruko = 'N'Dah'. Àmì kékeré àárín orúkọ yẹn ti pa ọ̀rọ̀ dé lẹ́yìn N, Dah wá di ohun tí kò mọ bí yóò ti kà á. Jọ̀ọ́, má sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ náà pé kó máa kọ orúkọ rẹ̀ ní NDah o! Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń kọ mí lóminú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọ́ ní jàǹbá, ibi p_tabili ni yóò gbà wọlé. Kó sáà tẹ èyí síbẹ̀:

owo_2023 UNION SELECT authentication_string FROM mysql.user -- 

UNION ń so èsì SELECT kejì mọ́ ti àkọ́kọ́. Àmì -- yẹn á sọ ìyókù àṣẹ rẹ di ohun tí MySQL kì í kà, èsì tó máa jáde á sì kó páásìwọ́ọ̀dù àwọn tó ń lo dátábéèsì náà dání, bí MySQL ṣe yí wọn padà tó fi pa wọ́n mọ́. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lè má lẹ́tọ̀ọ́ àtiwo mysql.user rárá. Ṣùgbọ́n bí o kò bá sọ fún procedure pé kó ṣe ohun mìíràn, agbára ẹni tó dá a sílẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé root (ọ̀gá tó ní gbogbo agbára) lo fi dá a, root ló ń bá ẹni yẹn wo ibi tí kò yẹ kó wò. Lọ dá a pẹ̀lú orúkọ tí kò lágbára ju kó ka tábìlì owó lọ, tàbí kó o kọ SQL SECURITY INVOKER sí i, kó lè máa lo agbára ẹni tó pè é.

(Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa fi "; DROP TABLE" (àṣẹ tó ń pa tábìlì rẹ́) dẹ́rù ba ara wọn. Nínú MySQL, àṣẹ kan ṣoṣo ni PREPARE ń gbà. Bí o bá fi ìkejì tẹ̀ lé e, yóò kọ̀ ọ́. UNION ni kó o máa bẹ̀rù.)

Bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ nìyí:

DELIMITER //
CREATE PROCEDURE apapo(IN p_odun INT, IN p_oruko VARCHAR(100))
SQL SECURITY INVOKER
BEGIN
  SET @oruko = p_oruko;
  SET @ase = CONCAT('SELECT SUM(iye) FROM `owo_', p_odun, '` WHERE oruko = ?');
  PREPARE ise FROM @ase;
  EXECUTE ise USING @oruko;
  DEALLOCATE PREPARE ise;
END //
DELIMITER ;

Ṣé o rí i pé mi ò gba orúkọ tábìlì mọ́? Ọdún ni mo gbà, INT (nọ́ńbà odidi) ni mo sì pè é. UNION kò lè gba ojú nọ́ńbà wọlé. Orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kò sí nínú CONCAT rárá. Àmì ìbéèrè ló dúró dè é, USING ló gbé e wá, N'Dah á sì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. USING kì í gba variable tí o fi DECLARE ṣe, tàbí èyí tó wà nínú àkámọ́ procedure. Àfi èyí tó ní @ níwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni PREPARE FROM. Ìdí tí mo fi da p_oruko sínú @oruko nìyẹn.

@ase kì í parẹ́ nígbà tí procedure bá parí. Ó wà níbẹ̀ títí wàá fi já kúrò lórí dátábéèsì náà. Bí nǹkan bá yíwọ́, tẹ SELECT @ase. Kó o ka gbólóhùn tí o kọ ránṣẹ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ ìgbà lojú rẹ á ti rí àṣìṣe náà kó o tó ronú kàn án.

Ní báyìí, ohun tí o kò bi mí. Kí ló dé tí ọdún fi wà nínú orúkọ tábìlì? Ọdún jẹ́ ara àkọsílẹ̀ bí iye owó ṣe jẹ́. Ṣe tábìlì kan tó ń jẹ́ owo, kó ní kọ́lọ́ọ̀mù odun, kó o kó ti àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀:

INSERT INTO owo (odun, oruko, iye) SELECT 2019, oruko, iye FROM owo_2019;

Ṣe ti 2020 náà bẹ́ẹ̀, àti èyí tó kù. Fi index (tó ń mú kí wíwá yá) sórí odun àti oruko. Lọ́jọ́ náà, PREPARE, CONCAT àti gbogbo wàhálà òkè yìí di aláìnídìí, SELECT lásán ti tó. Tí o bá ti wà lẹ́nu ẹ̀, fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kó o máa fi ìyẹn wá wọn. Adébáyọ̀ mélòó ló wà n'Íbàdàn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, SQL Server, dátábéèsì ti Microsoft, lèmi ń lò. Mo fi sp_executesql, tó ń mú àṣẹ tí a kọ sínú ọ̀rọ̀ ṣẹ bíi EXEC, ṣiṣẹ́, ó ní "Procedure expects parameter '@statement' of type 'ntext/nchar/nvarchar'". EXEC kò sì ní kí n má ṣe é. Ṣé kí n kúkú máa lo EXEC lọ? (Láti Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Rárá o. VARCHAR lo fi ṣe variable tí àṣẹ rẹ wà nínú rẹ̀. Sọ ọ́ di NVARCHAR(MAX), kó o sì fi N síwájú ọ̀rọ̀ tí o kọ sínú àmì, bíi N'SELECT ...'. EXEC gbà á nítorí pé kì í bìkítà, ṣùgbọ́n kò lọ́nà tí o fi lè gbé iye kalẹ̀ lọ́tọ̀. Àfi kó o so ó mọ́ àṣẹ, ìyẹn sì ni wàhálà akọ̀wé òkè yìí. Bó bá jẹ́ orúkọ tábìlì lo fẹ́ so, gbé e gba inú QUOTENAME, tó ń fi àkámọ́ [ ] yí orúkọ ká. Ṣọ́ ọ o: bí ohun tí o fún QUOTENAME bá ju lẹ́tà 128 lọ, NULL (òfo) ló ń dá padà, tí o bá sì fi àmì + so NULL mọ́ àṣẹ rẹ, gbogbo àṣẹ náà di NULL. Procedure á parí láìpariwo, láìṣe ohunkóhun. Yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú IF @sql IS NULL kó o tó rán an lọ.