Òkun kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni mí. Wọ́n ní kí á ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí yóò la ará ìlú lójú nípa ààbò òkun àti ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀. Mo gbé àwòrán ẹja àbùùbùtán gàgàrà sójú ewé àkọ́kọ́, ó rẹwà. Àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi á wò ó fìrí, wọ́n á ní “ó dáa,” wọ́n á bọ́ sórí Facebook. Mo fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, àbùùbùtán kò kàn wọ́n. Yọ ọ́ kúrò. Lọ bá àwọn ìyá tó ń ta ẹja yìnyín lọ́jà Jagun, kí wọn dáadáa, tọrọ àyè kí o tó yọ fóònù. Ya titus nígbà tí yìnyín ṣì dì mọ́ ìrù rẹ̀. Ya ṣáwá, ya panla. Inú òkun ni gbogbo wọn ti wá. Kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà: “Òkun wà nínú ọbẹ̀ rẹ.” Ẹni tó jẹ ẹja lánàá á dúró kà á.

Lẹ́yìn náà, mú wọn tọ odò lọ. Àwọn èèyàn wa gbà pé ọ̀rọ̀ òkun, ti ará Èkó ni. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọ̀rá píọ̀wọ́tà tí a jù sí gọ́tà, àgbàrá lè wọ́ ọ dé odò Ọbà. Ọbà á lọ bá Ọ̀ṣun orogún rẹ̀, Ọ̀ṣun á ṣàn wọ ọ̀sà Lẹkki, ó di òkun. Ya ọ̀nà yìí ní ìlà kan gbọọrọ, kí ọ̀rá náà máa sọ̀ kalẹ̀ bí òǹkàwé ṣe ń fi ìka fa ojú ewé. Ní ìparí ìlà, gbé ìjàpá òkun síbẹ̀: ó máa ń gbé ọ̀rá mì, torí ọ̀rá jọ ẹran omi kan tó rọ̀, tó mọ́ gaara, tí ìjàpá náà máa ń jẹ. Ìjàpá ọkọ Yánníbo, tó ń rẹ́ gbogbo ẹranko jẹ, ọ̀rá ló wá rẹ́ ẹ jẹ!

Mo ṣí líǹkì rẹ. Ó pẹ́ kó tó jáde, mo fẹ́ẹ̀ pa fóònù dé. Sọ àwòrán di WebP, irú fáìlì àwòrán tí kì í wúwo, má jẹ́ kí ọ̀kan ju 200 kilobyte lọ. Fídíò tó ń dá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ yẹn, pa á rẹ́. Dátà olówó-olówó lò ń ná. Fọ́ńtì Noto Sans á gbé àmì ohùn Yorùbá rẹ dáadáa. Bọ́tìnì WhatsApp nìkan ni kí o fi sísàlẹ̀, kí ẹni tó bá kà á lè fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Má sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀.