Sí àbúrò tó ń lọ kọ́ni ní Gámbíà: má dá gbé

Àbúrò mi ará Ìkòròdú, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní wọ́n ti mú ọ fún TAC, pé ìlú kékeré kan lápá òkè odò ní Gámbíà ni wọ́n ń gbé ọ lọ láti kọ́ wọn ní ìṣirò, pé o ò tíì lọ́kọ, o ò gbọ́ èdè wọn, ẹ̀rù sì ń bà ọ́. O béèrè ohun tó yẹ kó o kó dání, bóyá obìnrin lè dá gbé níbẹ̀, àti bóyá èèyàn lè rí owó fi pamọ́. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ìṣirò náà ni mo lọ kọ́, Farafenni ni mo sì gbé, níhà àríwá odò Gámbíà, nítòsí ẹnubodè Sẹ̀nẹ̀gàl.

Fún àwọn tí kò mọ TAC, Technical Aid Corps ni. Ìjọba àpapọ̀ ló dá a sílẹ̀ ní 1987, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, dókítà àti irú wọn ló ń yọ̀ǹda ara wọn láti lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Caribbean àti Pacific.

Iṣẹ́ gan-an kò ní dà ọ́ láàmú. Ìdánwò WAEC tí àwọn ọmọ Ìkòròdú ń ṣe làwọn ọmọ Gámbíà náà ń ṣe, torí Nàìjíríà, Gánà, Sàró, Làìbéríà àti Gámbíà ló jọ ni àjọ yẹn. Kíláàsì lè kún, ìwé lè má kárí, ṣùgbọ́n ojú rẹ ti rí ìyẹn nílé. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni kó o múra dè. O ti ilé ẹ̀kọ́ dé, o ti ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó máa béèrè pé ṣé o ti jẹun. Ibẹ̀ lọkàn ti ń rẹ̀wẹ̀sì. Mo mọ àwọn tó mọṣẹ́ dáadáa tí wọn ò lò tó ọdún kan tí wọ́n fi padà sílé, àìrẹ́ni-bá-sọ̀rọ̀ ló lé wọn.

Nítorí náà, má dá gbé. Bí wọ́n bá fún ọ ní ilé tó dá dúró lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, tó ní géètì tirẹ̀, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá yàrá fún ọ nínú agbo ilé. Wàá mọ agbo ilé tó o bá ti dé àwọn àdúgbò àtijọ́ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ rí: ojúde láàárín, yàrá yí i ká, bàbá àgbà, àwọn ìyàwó, ọmọ wẹẹrẹ, àgbò tí wọ́n so mọ́lẹ̀ de Iléyá. Obìnrin tó bá dá gbé ní ìlú kékeré, gbogbo ìlú ló ń ṣọ́ ọ. Èyí tó bá wà nínú agbo ilé ní ìyá, ó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, ẹni tó bá fẹ́ hùwà kúwà sí i á kọ́kọ́ ro tiwọn.

Lọ́sàn-án, abọ́ ńlá kan ni gbogbo yín máa yí ká. Ìrẹsì ni lójoojúmọ́: benachin tí wọ́n ń sè pọ̀ nínú ìkòkò kan bíi jọ̀lọ́ọ̀fù wa, tàbí domoda, ọbẹ̀ ẹ̀pà tó ki dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún ni, ibi tó kọjú sí ọ nìkan ni wàá sì ti bù. Àárín ni ẹja àti ẹ̀fọ́ máa ń wà. Ìyá ilé ló ń fi ìka já a, tó ń jù ú díẹ̀díẹ̀ síwájú oníkálukú. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo ṣàkíyèsí pé èyí tó tóbi jù, iwájú mi ló ń bọ́ sí. Mo tì í padà sí àárín, obìnrin náà tún dá a padà fún mi. Kò sọ̀rọ̀, torí a ò tíì ní èdè tá a jọ gbọ́.

Èdè tó o ń bẹ̀rù yẹn, ìkíni ni kó o kọ́kọ́ kọ́, kó o kọ́ ọ tán pátápátá. Wọ́n á kí ọ, wọ́n á béèrè ará ilé rẹ, ìwọ náà á béèrè tiwọn, kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohun tó bá wá. Mandinka, Wolof àti Fula ni wàá máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mú èyí tí agbo ilé rẹ bá ń sọ. Ìdí attaya, tíì tí wọ́n ń jókòó mu pọ̀, ni mo ti kọ́ tèmi. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, àwọn ọ̀dọ́ á gbé iná èédú síta, wọ́n á gbé kẹ́tùlù kékeré lé e. Tíì aláwọ̀ ewé àti ṣúgà ni. Wọ́n á máa dà á láti òkè, láti ife kékeré kan bọ́ sí èkejì, títí á fi yọ fóòmù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń pọn ọ́n. Tàkọ́kọ́ korò, tìkẹta dùn. Ó lè gbà ju wákàtí méjì lọ. Má sọ fún wọn pé o níwèé láti máàkì. Kó ìwé náà lọ síbẹ̀, jókòó, máa máàkì.

Mo mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Ní ọdún kejì mi, bàbá mi kú l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Mùsùlùmí ni wá, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n sin ín. Bí bàálù bá tiẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà mi, mi ò lè bá a. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè mí, igbe ni mo fi bọnu, ìyá ilé sì wọlé, ó jókòó tì mí. Kí Màgàríbì tó tó, wọ́n ti tẹ́ ẹní sójúde, ààfáà ti dé, àwọn obìnrin ti dáná. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wá, àwọn ọmọ kíláàsì mi wá, ọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì ní kọ̀rọ̀ wá. Wọ́n ń fi dalasi, owó Gámbíà, díẹ̀díẹ̀ sí mi lọ́wọ́, àwọn tí mo mọ̀ pé wọn ò ní. Wọ́n ka Kùránì fún bàbá tí wọn ò rí rí. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, wọn ò jẹ́ kí n dá sùn. Ká ní ilé onígéètì yẹn ni mo wà, èmi àti fóònù mi ni ì bá kù.

Ọ̀rọ̀ owó. Owó ìgbọ́bùkátà ni, kì í ṣe owó oṣù. Ṣùgbọ́n tí àwọn ará ilé bá ti gbọ́ pé o wà lókè òkun, dọ́là ni wọ́n ń rò. Iye tí wàá máa fi ránṣẹ́ àti oṣù tí wàá máa fi í ránṣẹ́, bá màmá rẹ sọ ọ́ kó o tó kúrò ní Ìkòròdú, kó jẹ́ pé òun á máa bá ọ dá àwọn yòókù lóhùn. Èèyàn lè rí nǹkan fi pamọ́ tí ó bá ń jẹ nínú abọ́ agbo ilé, tó ń dá owó ìrẹsì àti ṣúgà bí àwọn yòókù.

Ẹrù: nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, oògùn ibà, iná tó ń lo oòrùn, aṣọ fẹ́lẹ́ tó gùn dáadáa, ìborùn. Ooru oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún ń kọjá 40°C, kò sì sí afẹ́fẹ́ ọ̀sà níbẹ̀. Òjò ń rọ̀ láti June dé October. Ìgbà yẹn ni ibà máa ń pọ̀. Ẹ̀lùbọ́, ẹ̀gúsí àti irú ni kó o fi kún un, torí àárò oúnjẹ ilé á sọ ọ́ gan-an. Nígbà tèmi, fẹ́rì la fi ń sọdá odò, tírélà á sì tò fún ọjọ́ pípẹ́. Láti January 2019 ti afárá Senegambia ti ṣí, ìrìn àjò ti rọrùn.

Tí ìwé àdéhùn bá ti dé ọwọ́ rẹ, tètè ka ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ilé sí, kó o sì béèrè agbo ilé kí wọ́n tó yan ilé fún ọ. Tí kò bá yé ọ, kọ̀wé sí mi, a ó jọ kà á.