Omi Kò Lọ́tàá, Àfi Nínú Fúláàsìkì Aspirin

Ìbéèrè mẹ́ta ló wọlé láti Abẹ́òkúta lóṣù yìí, gbogbo wọn lórí aspirin. Ti tíṣà ló gùn jù, òun la ó sì kọ́kọ́ dáhùn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Tíṣà kẹ́mísírì ni mí n'Íbarà. Àwọn ọmọ SS3 mi ṣe aspirin ní láàbù: salicylic acid gíráàmù 2, acetic anhydride mílílítà 5, sulphuric acid líle ẹ̀kán 5. Gíráàmù 1.1 péré la rí, ó sì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Nígbà tá a kán ferric chloride sí i, ó di elésè-àlùkò. A fọ fúláàsìkì náà dáadáa ká tó bẹ̀rẹ̀, orí gáàsì la gbé e kà nínú omi tó ń hó, omi ẹ̀rọ la sì fi ṣan kírísítà rẹ̀ títí tó fi mọ́. Kí la ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ǹ lẹ́ o, Tíṣà. Òṣùwọ̀n yín dáa. Omi ló dà yín, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ibi tí kò yẹ kó wọ̀ ló wọ̀. Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá, àmọ́ acetic anhydride kò gbọ́ òwe yẹn.

Fífọ̀ tí ẹ fọ fúláàsìkì ni àkọ́kọ́. Tí acetic anhydride bá kan omi, pàápàá tí sulphuric acid bá wà níbẹ̀, kíá ló ń di acetic acid, ohun tó mú kí fínígà kan. Acetic acid kò sì lágbára tó láti ṣe iṣẹ́ tí ẹ bẹ acetic anhydride, ìyẹn kó sọ salicylic acid di aspirin. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Salicylic acid gíráàmù 2 kò nílò ju nǹkan bíi mílílítà 1.4 acetic anhydride lọ. Mílílítà 5 tí ẹ dà sí i ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, ìdí nìyẹn tí ìrì díẹ̀ lára gíláàsì kì í fi ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan ń jẹ ó lé díẹ̀ ní ìdámẹ́rin mílílítà kan níbẹ̀. Ẹ̀kán 15 tó bá kù nídìí fúláàsìkì, tí ojú lè má kà sí nǹkan kan, á jẹ nǹkan bíi mílílítà 4. Èyí tó ṣẹ́ kù kò ká iṣẹ́ náà mọ́. Ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ fọ ọ́, kí ẹ sì dojú rẹ̀ délẹ̀ kó gbẹ. Ìgò acetic anhydride pàápàá, ẹ má ṣí i sílẹ̀ lásìkò òjò.

Iná ló ṣìkejì. Digirí 70 sí 80 fún ìṣẹ́jú 15 ti tó. Inú omi ni kí tẹmọ́mítà wà. Tó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn salicylic acid á bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ ara wọn, wọ́n á di ohun tó ń fà bí oje igi. Òun ló lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ yẹn. Acetic anhydride tún máa ń gbiná, nítorí náà ẹ gbé e jìnnà sí gáàsì: ẹ da omi kẹ́tùlù sínú bíkà ńlá, kí ẹ gbé fúláàsìkì sínú rẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná lọ, omi gbígbóná tó wà nínú fúláàsì tíì á gbà yín. Sulphuric acid ni kí ẹ fi sí i gbẹ̀yìn, kí ẹ máa yí fúláàsìkì náà títí salicylic acid á fi yọ́ tán. Ìbọ̀wọ́ àti awò ààbò ṣe pàtàkì, fèrèsé náà sì gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, torí èéfín rẹ̀ máa ń ta ojú àti ọ̀fun.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 yìí ni omi tó wá di ọ̀rẹ́. Ẹ kán mílílítà 2 sí i díẹ̀díẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, kí ojú jìnnà sí i: ó máa ṣe ṣìì, òórùn fínígà á sì gba yàrá kan. Acetic anhydride tó kù ló ń kú lọ yẹn. Tó bá dákẹ́, ẹ da omi yìnyín mílílítà 40 sí i, kí ẹ gbé e sínú áìsì fún ìṣẹ́jú 15. Omi ẹ̀rọ Abẹ́òkúta kò tutù tó. Ẹ ra áìsì bílọ́ọ̀kù lọ́wọ́ àwọn tó ń ta omi tútù, kí ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, kí ẹ sì bu omi díẹ̀ sí i kó lè yí fúláàsìkì ká. Nígbà mìíràn omi inú rẹ̀ á kàn mọ́ kedere, kírísítà kankan ò ní yọjú. Ẹ fi ọ̀pá gíláàsì ha ara fúláàsìkì nínú lọ́hùn-ún, níbi tí omi bò. Ibi tí ọ̀pá ti ha gan-an ni funfun á ti kọ́kọ́ là bí ilà ṣọ́ọ̀kì, kó tó tàn ká gbogbo omi. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ fojú ara wọn rí i.

Ṣíṣàn tí ẹ wá fi omi ẹ̀rọ ṣan án ló gbé púpọ̀ lọ. Mílílítà 100 omi tí kò tutù lè yọ́ aspirin tó ìdámẹ́ta gíráàmù. Omi yìnyín mílílítà 5, lẹ́ẹ̀mẹta, ti tó.

Ẹ má da èyí tó wà nílẹ̀ nù. Ẹ dà á sínú omi sodium bicarbonate. Ó máa hó fùfù, aspirin á wọnú omi, oje yẹn á sì kù sẹ́yìn. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi hydrochloric acid díẹ̀díẹ̀ dá aspirin padà. Àmọ́ salicylic acid tí kò tíì di aspirin, tó jẹ́ kí ferric chloride di elésè-àlùkò, á bá a padà wá, torí náà ẹ tún un ṣe: ẹ yọ́ ọ nínú ethanol gbígbóná bíi mílílítà 5, ẹ da omi gbígbóná mílílítà 20 sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má sè é pẹ́, kí omi má tún tú u padà.

Gíráàmù 2.6 ni iye tó yẹ kó jáde tí ohunkóhun ò bá sọnù. Ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ rí. Tí ẹ bá rí gíráàmù 1.8 sí 2, ó dáa. Ọmọ tó bá ní gíráàmù 3 lòun rí, omi ló wọ̀n, kó lọ sá a gbẹ. Aspirin tó mọ́ máa ń yọ́ ní nǹkan bíi digirí 135, salicylic acid ní nǹkan bíi 158. Ẹ ṣọ́ra níbí: méjèèjì tó bá dàpọ̀ kì í yọ́ láàárín 135 sí 158 báwọn ọmọ ṣe máa ń rò. Ìsàlẹ̀ 135 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, l'Ókè-Ìlèwó. Orí ń fọ́ mi lọ́jọ́ tá a ṣe aspirin tiwa ní láàbù. Ṣé mo lè lò ó?

Ìdáhùn: Rárá o. Salicylic acid àti acid mìíràn lè kù nínú rẹ̀, gíláàsì tí wọ́n ti fi ṣe oríṣiríṣi nǹkan lẹ fi ṣe é, kò sì sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n tó ń gbé mì. Kódà èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, a kì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 àfi tí dókítà bá ní ká fún un, nítorí àìsàn Reye tó ń ba ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú náà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Ìbéèrè: Ìyá wa àgbà n'Ítòkú ní Abẹ́òkúta níbí ni Alábùkún ti ṣẹ̀. Ṣé aspirin kan náà ni? Èyí tó wà nínú dúróò wọn ń rùn bíi fínígà.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni Màmá sọ. Jacob Sogboyega Odulate, ọmọ Ìkòròdú tó fi Abẹ́òkúta ṣelé, ló gbé e jáde ní 1918: aspirin pẹ̀lú caffeine, ní lẹ́búlẹ́bú. Aspirin fúnra rẹ̀ ti wà ṣáájú. Charles Gerhardt ṣe é ní 1853 àmọ́ kò mọ́. Felix Hoffmann ló ṣe èyí tó mọ́ ní Jámánì ní oṣù kẹjọ 1897, acetic anhydride ló sì lò, bíi ti Tíṣà Ìbarà.

Ní ti òórùn yẹn, ọ̀rinrin ló wọ bébà rẹ̀. Ó ti ń tú aspirin padà sí salicylic acid àti acetic acid, salicylic acid yẹn sì máa ń ta inú gan-an. Ẹ bá wọn dà á nù, kí ẹ ra òmíràn, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú agolo tó ní ìdérí, kó jìnnà sí ilé ìwẹ̀.