Ṣé Ọwọ́ Lásán Lè Já Ṣéènì Kẹ̀kẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, Àgbà Òǹwòran, ẹ kú iṣẹ́ o. Mẹ́káníìkì ọ̀kadà ni mí ní Òṣogbo. Ọmọṣẹ́ mi gbé fíìmù Íńdíà àtijọ́ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù, Shiva lorúkọ rẹ̀. Ọmọ iléèwé kan nínú rẹ̀ fọwọ́ fa ṣéènì kẹ̀kẹ́ já, ó wé e mọ́ ọwọ́, ó sì fi lu àwọn jàǹdùkú bí ẹni máa kú. Mo ní irọ́ ni, ọmọṣẹ́ mi ní òótọ́ ni. Mo tún ní Híńdì ni wọ́n ń sọ, oníbàárà mi kan ní Telugu ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí. Kí ló sì dé tí ariwo fíìmù yìí tún fi gbòde?

Ìdáhùn: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ti èdè, torí ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Telugu, èdè kan ní gúúsù Íńdíà, ni wọ́n fi ṣe Shiva, oṣù kẹwàá 1989 ló jáde. Lọ́dún 1990, Ram Gopal Varma tó darí rẹ̀ tún un ṣe ní Híńdì, Nagarjuna náà ló sì tún ṣe akítọ̀. Ó jọ pé ti Híńdì yẹn ló dé ṣọ́ọ̀bù yín. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé Shiva ti 2006 fún yín, ẹ dá a padà fún un. Varma yìí náà ló ṣe é, àmọ́ ọlọ́pàá ni akítọ̀ ibẹ̀, ìtàn ọ̀tọ̀ ni.

Bí ẹ ṣe rò pé Híńdì nìkan ni kì í ṣe ẹ̀bi yín. Látìgbà tí àwọn ará Lẹ́bánónì ti ń kó fíìmù Íńdíà wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí 1950 sí 1960, ti Híńdì ló pọ̀ jù nínú ohun tá a rí. Àwọn Telugu ní ilé iṣẹ́ fíìmù tiwọn ní Hyderabad, níbi tí bàbá Nagarjuna dá sítúdíò Annapurna sílẹ̀ sí. Sítúdíò yẹn ló wà lẹ́yìn Shiva.

Ó ku ṣéènì. Ṣé èmi ni màá kọ́ yín níṣẹ́ yín ni? Ṣéènì tí kò tíì jẹ, tí lọ́ọ̀kì rẹ̀ ò sì yẹ̀, ọwọ́ lásán ò lè fà á já. Ọmọṣẹ́ yín jẹ yín ní ẹlẹ́rìndòdò kan, kó lọ rà á wá.

Àmọ́ tí ẹ bá ti mu ún tán, ẹ padà lọ wo ibẹ̀. Ọmọ tó wá kàwé ni Shiva, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. JD àtàwọn ẹ̀mẹ̀wà rẹ̀ ló ń da iléèwé náà láàmú, gbogbo èèyàn ló sì ń yà fún wọn lọ́nà. Lọ́jọ́ tí ti Shiva wá tó, kò fò lókè, kò sọ ọ̀rọ̀ ńlá kankan. Ohun tó wà nítòsí ló mú. Kẹ̀kẹ́ sì ni nǹkan tó pọ̀ jù lọ nínú ọgbà iléèwé. Ohun tó dẹ́rù ba àwọn òǹwòran Andhra, ìpínlẹ̀ àwọn Telugu, nìyẹn: gbogbo wọn ló ní ṣéènì nílé. (Chakravarthy tó ṣe JD, orúkọ náà ò kúrò lára rẹ̀ mọ́. JD Chakravarthy là ń pè é dòní.)

Varma mọ ohun tó ń sọ. Ìlú Vijayawada, létí odò Krishna, ló ti kàwé ẹnjiníà, níbi tí òṣèlú akẹ́kọ̀ọ́ àti ti jàǹdùkú ti wọnú ara wọn. Ní oṣù kejìlá 1988, wọ́n pa olóṣèlú kan níbẹ̀, Vangaveeti Mohana Ranga, níbi tó ti ń gbààwẹ̀ ìfẹ̀hónúhàn, ìlú sì gbiná. Kò tó ọdún kan sígbà náà tí Shiva dé. Ẹni tó ṣe é kò tíì darí fíìmù rí. Ṣọ́ọ̀bù tó ń yáni ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò ló ní tẹ́lẹ̀ ní Hyderabad.

Ti ọkàn mi ni kí n sọ? Bhavani ni fíìmù náà, kì í ṣe ṣéènì. Raghuvaran ló ṣe Bhavani yìí, ọ̀gá àwọn jàǹdùkú. Ọkùnrin tínínrín ni, tí kì í pariwo, tí kì í rẹ́rìn-ín wà-hà-hà bí àwọn ọ̀gá jàǹdùkú inú fíìmù Íńdíà tá a fi dàgbà. Á jókòó, á máa wo ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, ẹni yẹn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí ẹnì kankan ò bi í. Olóṣèlú tó ń lò ó, Machiraju, wà lókè, ó ń wò ó bóyá ó ṣì wúlò. Ẹ tún fetí sí ìró ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń léèyàn lójú pópó. Steadicam, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń so kámẹ́rà mọ́ ara ẹni tó ń yà á, ni wọ́n lò, ó ń bá wọn sáré láìgbọ̀n, fíìmù Íńdíà tó ń lò ó nígbà náà kò pọ̀. Orin ìfẹ́ inú rẹ̀ ní tiẹ̀ sú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ilaiyaraaja ló ṣe é. Ẹ lè fi àkókò yẹn lọ pọn omi.

Ariwo tẹ́ ẹ ń gbọ́, wọ́n tún àwòrán àti ohùn rẹ̀ ṣe ni, wọ́n sì dá a padà sí sinimá ní oṣù kọkànlá 2025.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án fẹ́ bá mi wo Shiva. Ṣé kí n gbà fún un? Ìyá kan, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ẹ má gbà, ìyá wa. Ọmọbìnrin kékeré kan wà níbẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n Shiva. Shiva gbé e sórí kẹ̀kẹ́, mọ́tò sì ń lé wọn. Ọmọ gidi ni wọ́n gbé síbẹ̀. Lọ́dún 2025, Varma fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbangba nítorí ewu tó fi í sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ inú ìtàn náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, mi ò ní sọ ọ́, torí ẹ̀yin fúnra yín ò tíì wò ó. Ẹ dá wò ó lálẹ́, kí ọmọ ti sùn.