T6+HK lára Stuka: lẹ́tà tó kẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní Stuka oníke tí ẹ rà, àwòkọ bàlúù ajubọ́ǹbù Jámánì ìgbà ogun àgbáyé kejì, fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé: T6+HK ló wà lára rẹ̀, àwòrán orí páálí fi yẹ́lò kun H, ìwé inú páálí ní pupa ni, ọmọ yín sì ní H yẹn Hitler ló dúró fún. Ẹ bá mi sọ fún un pé Hitler ò sí níbẹ̀ rárá. Pupa ni kí ẹ kùn ún.

K tó kẹ́yìn yẹn ló parí ẹjọ́. Òun ló ń sọ Staffel, ìyẹn ẹgbẹ́ kékeré tí bàlúù náà wà. H ni Staffel kìíní, K ni ìkejì, L ni ìkẹta. M, N àti P ló gba ìkẹrin dé ìkẹfà. R, S àti T gba ìkeje dé ìkẹsàn-án. Staffel mẹ́ta ló ń di Gruppe kan, nínú Gruppe kọ̀ọ̀kan sì rèé, àkọ́kọ́ a máa lo funfun, èkejì pupa, ẹ̀kẹta yẹ́lò. Ẹ wá rí i pé K kò lè bá yẹ́lò lọ. Lẹ́tà tó ṣáájú rẹ̀, H yín, ni wọ́n ń fi àwọ̀ náà kùn. Ti bàlúù yẹn nìkan ni, kì í ṣe orúkọ awakọ̀. Àwọn ọ̀gá ní tiwọn lọ́tọ̀: A fún olórí Geschwader (ẹgbẹ́ ńlá tó kó àwọn Gruppe jọ), búlúù; B, C àti D fún olórí Gruppe, àwọ̀ ewé.

T6 tó wà níwájú àgbélébùú dúdú (òun ni + yẹn) ló ń sọ Geschwader, bí KJA ṣe ń sọ fún wa pé Ìkẹjà ni wọ́n ti gba nọ́ńbà mọ́tò. T6 ni StG 2 (StG ni ìkékúrú fún Geschwader àwọn Stuka), tí wọ́n fi orúkọ Immelmann, awakọ̀ ogun àgbáyé kìíní, pè. A5 ni StG 1, S7 ni StG 3. S2 ńkọ́? Ti StG 77 ni o, kì í ṣe ti StG 2! Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń já sí kòtò.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fọ́tò àtijọ́ dá yín lẹ́jọ́. Mo ti náwó gidi sórí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, mo sì ti fi awò asọnǹkandi-ńlá wò wọ́n lábẹ́ iná títí ojú fi ń ro mí. Irú fíìmù kan wà láyé ìgbà náà tí kì í rí pupa, dúdú ló máa ń yọ. Yẹ́lò pàápàá á ṣókùnkùn nínú rẹ̀. Lẹ́tà kì í yí padà bíi tàwọ̀.

Bí ẹ bá dé Chicago, ẹ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sáyẹ́ǹsì àti ilé-iṣẹ́ wọn. Stuka kan wà tí wọ́n fi kọ́ sókè níbẹ̀, A5+HL, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà ní Líbíà lọ́dún 1941. Ẹ ti lè ka ìyẹn fúnra yín báyìí: StG 1, Staffel ìkẹta, yẹ́lò.

Bẹ́líìtì tó yí ìdí bàlúù ká kò kan Staffel, ojú ogun ló ń sọ: yẹ́lò fún ìhà Rọ́ṣíà, funfun fún Mẹditaréníà àti Àríwá Áfíríkà. Bí ẹ bá sì rí lẹ́tà mẹ́rin tí kò ní nọ́ńbà nínú, àmì tí bàlúù ń gbà kó tó dọ́wọ́ ẹgbẹ́ kankan nìyẹn.

Ó ku ọ̀kan. Láti ìparí 1943 ni wọ́n ti ń kọ àmì Geschwader kéékèèké, tí H àti K á sì tóbi bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọdún wo ni ìwé inú páálí yín kọ? Ẹ má tíì lẹ T6 yẹn mọ́ ọn kí ẹ tó dá mi lóhùn.