Ṣé wọ́n fi ẹ̀pà rẹ́ wa jẹ nínú ṣokoléètì Ítálì ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi tó wà ní Ítálì fi ṣokoléètì kan ránṣẹ́, bébà góòlù ni wọ́n fi wé e, ó rí bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀. Mo jẹ ẹ́, àfi bíi pé ẹ̀pà pọ̀ nínú ẹ̀ ju kòkó lọ. Bàbá wa, àgbẹ̀ kòkó l'Óndó, ní àwọn òyìnbó ti rẹ́ wa jẹ. Ṣóòótọ́ ni? – Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìgbádùn o, ẹ bá wa kí Bàbá. Gianduiotto lẹ jẹ yẹn, Turin ló ti wá, kì í sì í ṣe ẹ̀pà, hazelnut ni, orí igi ló ń so, ó pọ̀ gan-an lórí àwọn òkè Langhe tí ò jìnnà sí Turin.

Láyé àtijọ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń lọ kòkó, èèyàn á kúnlẹ̀ síwájú ọlọ tí iná wà lábẹ́ ẹ̀, á máa lọ̀ ọ́ títí á fi yọ́, iṣẹ́ àṣelàágùn ni, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn olówó ló ń mu ṣokoléètì. Lọ́dún 1826 Paul Caffarel gba ilé kan tí wọ́n ti ń ṣe awọ tẹ́lẹ̀ ní San Donato, ní Turin, ó sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ ṣokoléètì, omi ló ń yí ẹ̀rọ tó ń lọ kòkó níbẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá.

Àmọ́ kòkó fúnra ẹ̀ wọ́n, láti ìhà Amẹ́ríkà ló ti ń gba orí òkun bọ̀, òfin tí Napoleon, olórí Faransé, ṣe lọ́dún 1806 láti dí ọjà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ dá kún ìnira yẹn, bẹ́ẹ̀ hazelnut wà nílé. Michele Prochet, tóun àti ilé Caffarel padà para pọ̀, ló yan hazelnut, ló lọ̀ ọ́ kúnná, ló pò ó mọ́ kòkó àti ṣúgà. Lọ́dún 1865, nígbà ọdún Carnival, wọ́n pín in fáwọn ará ìlú, wọ́n ti wé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rọ̀ ju kéèyàn dà á sínú mọ́ọ̀dù lọ, pẹlẹbẹ irin méjì ni wọ́n fi ń bù ú tí wọ́n fi ń gé e, ibẹ̀ ló ti rí ìrísí ọkọ̀ tẹ́ ẹ rí yẹn.

Ohun tí Pietro Ferrero, oníkéèkì kan, náà ṣe nìyẹn nílùú Alba lẹ́yìn ogun Hitler, kòkó wọ́n, ó fi hazelnut kún un, ìyẹn ni Michele ọmọ ẹ̀ tún ṣe tó di Nutella, ìyẹn ṣokoléètì tí wọ́n ń fi pa búrẹ́dì, lọ́dún 1964.

Ní ti ìrẹ́jẹ tí Bàbá wí: òfin Yúróòpù ní ṣokoléètì tí kì í ṣe ti mílíìkì tí wọ́n bá fi ṣe gianduja (ìyẹn àpòpọ̀ ṣokoléètì àti hazelnut bí èyí tẹ́ ẹ jẹ), kòkó inú ẹ̀ ò gbọdọ̀ dín ní ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún, nínú 100 gíráàmù gianduja yẹn, hazelnut gbọ́dọ̀ tó 20 gíráàmù, kó má sì ju 40 lọ. Torí náà hazelnut lè ju kòkó lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò fi pa mọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí, ohun tí wọ́n bá kọ ṣáájú ló pọ̀ jù.