Éèsì Peugeot 504 tó ń tutù, tó tún ń gbóná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Peugeot 504 mi kò bá éèsì wá. Mo ní kí wọ́n fi tòkunbọ̀ kan sí i. Bí mo bá tàn án, á tutù nini fún ogún ìṣẹ́jú, á wá máa fẹ́ ooru. Tí mo bá pa á díẹ̀, á tún tutù. Ẹ́ńjìnnì náà ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ṣé gáàsì ló ti tán?

Ìdáhùn: Gáàsì kọ́, omi ni. Ọ̀rinrin tó kù nínú páìpù ló ń di yìnyín lẹ́nu expansion valve (ẹnu ọ̀nà tí gáàsì ń gbà kọjá kó tó tutù), tí ihò rẹ̀ kéré gan-an. Bí yìnyín bá yọ́, ọ̀nà á ṣí. Kí wọ́n gba gáàsì náà sínú sìlíńdà, kí wọ́n pààrọ̀ drier (agolo tó ń fa omi kúrò nínú gáàsì). Wọn ò gbọdọ̀ ṣí ìdérí drier tuntun títí wọ́n á fi so gbogbo páìpù yòókù tán, torí ó ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Kí wọ́n fi vacuum pump (ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin jáde) fa inú páìpù fún ìṣẹ́jú 45, kí wọ́n pa á, kí wọ́n wo géèjì fún ìṣẹ́jú 30. Bí ọwọ́ géèjì bá kúrò lójú kan, ó ń jò nìyẹn, tàbí kí omi ṣì kù nínú rẹ̀. Orí òṣùwọ̀n ni kí wọ́n ti wọn gáàsì R134a; ẹni tó ń fọwọ́ kan páìpù kó tó mọ̀ pé ó tó, àbá ló ń dá.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, condenser (ibi tí gáàsì éèsì ti ń tú ooru dànù) ti dí rédíétọ̀ lójú. Ó nílò fáànù oníná tó ní relay (swíìṣì tó ń gbé iná fún un) tirẹ̀. Tí ó bá ti ní in níwájú, ẹ mú ìwé pélébé súnmọ́ ọn: ó yẹ kó fà á mọ́ra. Bó bá ń tì í dànù, wọ́n ti so wáyà rẹ̀ sódì.